Nígbà Tí Nǹkan Oṣù Kò Bá Dá Ọjọ́

Ìyàwó ilé kan tó ń ta tàtàṣé ní ọjà Mile 12 bi mí ní ìbéèrè kan láìpẹ́ yìí. Ó ti lé ní ọdún kan tí òun àti ọkọ rẹ̀ ti ń retí oyún. Nǹkan oṣù rẹ̀ lè dé lẹ́yìn ọjọ́ 26, ó sì lè di ọjọ́ 45 kí ó tó yọjú. Síbẹ̀, áàpù orí fóònù rẹ̀ kò yé sọ pé ọjọ́ kẹrìnlá ni ẹyin rẹ̀ ń jáde. Ó ní, “Àǹtí, ṣé ara mi ni kò mọ ìṣirò ni, àbí fóònù?”

Fóònù ni. Ọjọ́ 14 tí gbogbo ayé ń pariwo yìí, ẹ̀yìn ni a ti ń kà á wá: òun ni ó máa ń sún mọ́ iye ọjọ́ tó wà láàárín ìjáde ẹyin àti nǹkan oṣù tí yóò tẹ̀lé e. Ní oṣù tó bá gùn tó ọjọ́ 45, ó lè di nǹkan bí ọjọ́ 31 kí ẹyin tó jáde. Ẹyin ọ̀hún kì í sì í lò ju wákàtí 24 lọ; àtọ̀ ọkùnrin ni ó lè wà láàyè nínú ara obìnrin fún bí ọjọ́ márùn-ún.

Omi ojú ara ni mo ní kí ó máa ṣọ́. Lẹ́yìn nǹkan oṣù, ibẹ̀ sábà máa ń gbẹ. Bí ẹyin bá ti ń gbó, omi náà á yọ, á kọ́kọ́ ki bí ògì, lẹ́yìn náà á mọ́ gaara, á máa yọ̀, á sì máa fà láàárín ìka méjì bí ọbẹ̀ ilá. Ọjọ́ tó ń fà bí ilá yẹn ni kí tọkọtaya má ṣe jẹ́ kí ó kọjá. Lára ẹni tí oṣù rẹ̀ kò dá ọjọ́, omi náà lè yọ kí ó sì tún gbẹ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹyin tó jáde, nítorí náà sùúrù ṣe pàtàkì. Bí ó bá ń rùn tàbí tó ń yúnni, ìyẹn ti di ọ̀ràn dókítà. Dókítà John Billings ti Melbourne, ní Ọsirélíà, ló bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ọ̀nà yìí ní 1953. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé dán an wò lọ́dọ̀ obìnrin 869 ní orílẹ̀-èdè márùn-ún, ó lé ní 90 nínú ọgọ́rùn-ún wọn tó dá àmì náà mọ̀ láàárín oṣù àkọ́kọ́, àti àwọn tí kò mọ̀wé kà pàápàá.

Ìgbóná ara náà a máa lọ sókè díẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ẹyin bá ti jáde ni. Kí èèyàn tó dìde lórí ibùsùn, ní àkókò kan náà lójoojúmọ́, ni a sì ń wọ̀n ọ́n. Báwo ni ẹni tó jí ní aago mẹ́ta òru lónìí nítorí ọkọ̀ ẹrù, tó sì sùn di aago méje lọ́la, yóò ṣe rí ìyẹn ṣe?

Bébà tí a ń tì bọ ìtọ̀ wúlò, àmọ́ ó lè tan ẹni tó ní PCOS jẹ, nítorí họ́mónù LH tí bébà náà ń wá lè pọ̀ lára rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹyin kankan ń bọ̀. PCOS wà lára ohun tó sábà máa ń da nǹkan oṣù rú. Irorẹ́ àti irun àgbọ̀n lè bá a rìn. (Àwọn èèyàn wa a máa ka irun àgbọ̀n obìnrin sí àmì ọrọ̀!)

Mo ní kí òun àti ọkọ rẹ̀ jọ lọ sí ilé ìwòsàn: kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ilé ọmọ rẹ̀ wò, kí wọ́n sì yẹ àtọ̀ ọkọ wò pẹ̀lú. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìyá ọkọ òun kò gbọ́dọ̀ gbọ́ èyí. Kí èsì tó jáde, kí wọ́n máa bá ara wọn lò pọ̀ ní ọjọ́ méjì-méjì tàbí mẹ́ta-mẹ́ta, yálà fóònù fọwọ́ sí i tàbí kò fọwọ́ sí i.