‘Awò Ayára’: Ìperí Tí Ó Lè Ṣi Ayàwòrán Lọ́nà

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí kan ìperí gẹ́gẹ́ bí ó ti kan ọmọ ènìyàn. Láti ìgbà tí Èdè-Ìperí Yorùbá ti jáde ní 1984 lábẹ́ àbójútó Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé, ìperí fún ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ ti rí ẹsẹ̀ dúró. Ti iṣẹ́ ọwọ́ ni ó ṣì mẹ́hẹ. Àpẹẹrẹ kan ni awò kámẹ́rà tí ó dára fún ibi tí ìmọ́lẹ̀ kò tó. ‘Awò ayára’ ni ó máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọkàn olùtumọ̀ tí ó bá gbé orúkọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ bọ́ sí Yorùbá ní tààrà. Ìperí náà kò tọ̀nà.

Ẹ gbé e wò níbi àìsùn òkú kan ní Ṣágámù. Ilẹ̀ ti ṣú, iná mànàmáná ti lọ, jẹnẹrétọ̀ ń tan gílóòbù díẹ̀ lábẹ́ àgọ́, àwọn ọmọ olóògbé sì ń jó. Ọmọ-iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ ní ‘awò ayára’ yóò rò pé awò tí ó ń ya àwòrán léraléra ni. Bí ó bá fi owó ra irú èyí, àwòrán ṣíṣókùnkùn ni yóò mú wálé. Àìsùn òkú kì í wáyé lẹ́ẹ̀mejì. Àwòrán tí ó bá bàjẹ́ níbẹ̀ kò ní àtúnyà.

Ihò inú awò ni ọ̀rọ̀ wà. Bí a bá fi nọ́ńbà bíi 2.8 tí ó wà nínú f/2.8 pín òǹkà mìlímítà tí a fi ń mọ awò, fífẹ̀ ihò náà ni yóò jáde. Ní mìlímítà 70, ihò f/2.8 fẹ̀ tó mìlímítà 25, ti f/5.6 kò ju 12.5 lọ. Nítorí náà, bí nọ́ńbà ti ń kéré ni ihò ń fẹ̀, f/2.8 sì ń gba ìlọ́po 4 ìmọ́lẹ̀ tí f/5.6 ń gbà. Níbi tí f/5.6 ti nílò 1/15 ìṣẹ́jú-àáyá, 1/60 tó f/2.8. Ẹni tí ń jó kò ní dúró de 1/15. Ìlẹ̀kùn kámẹ́rà ni ó yára ṣí, tí ó yára tì. Awò kò yára síbì kan.

Ẹlòmíràn lè dábàá ‘awò ojú-gbòòrò’. Ṣùgbọ́n orúkọ yìí yẹ awò mìíràn, èyí tí ń kó gbogbo gbàgede sínú àwòrán kan. ‘Awò agbàmọ́lẹ̀-púpọ̀’ ni ó sọ iṣẹ́ tí awò náà ń ṣe. Ní ti ‘súùmù’, àwọn ayàwòrán ti sọ ọ́ di tiwọn; kí ó máa jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ìperí tí ó tọ́ yóò ran olùrajà lọ́wọ́. Yóò bi ontajà pé: mélòó ni ìmọ́lẹ̀ tí ó ń gbà? Súùmù tí wọ́n kọ 3.5–5.6 sí lára, nọ́ńbà rẹ̀ ń pọ̀ sí i, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì ń dín kù, bí a ti ń fà á sún mọ́ ènìyàn. Súùmù 24–70 tí ó jẹ́ f/2.8 jálẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó wúwo, ó sì wọ́n. Ẹni tí owó rẹ̀ kò ká a lè ra awò 50 tí ó jẹ́ f/1.8: ó ń gba ìmọ́lẹ̀ ju ìlọ́po 2 ti f/2.8 lọ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ayàwòrán ni yóò di súùmù. Kí ó sì rántí pé bí ihò bá fẹ̀ tán, ìlà iwájú ẹbí lè hàn kedere kí ìlà ẹ̀yìn má hàn dáadáa.

Ní Ìkẹ́nnẹ́, Tai Solarin dá ilé-ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ ní 1956, níbi tí ìwé àti iṣẹ́ ọwọ́ ti jọ ń rìn. Bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ìperí rí. Kí olùtumọ̀ tó tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé, kí ó kọ́kọ́ gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù ayàwòrán, kí ó sì bi ọmọ-iṣẹ́ ohun tí ó gbọ́ nínú rẹ̀.