Imí erin tú àṣírí eyín erin tí wọ́n mú ní Lomé

Ta ló rò pé imí erin lè tú àṣírí olè? Ní oṣù kìíní ọdún 2014, wọ́n gba eyín erin tó lé ní tọ́ọ̀nù 3 ní èbúté Lomé, ní Tógò. Níbo ni wọ́n ti pa àwọn erin náà?

Samuel Wasser àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Fásitì Washington, l'Amẹ́ríkà, ti kó imí erin jọ káàkiri Áfíríkà. Bí oúnjẹ ṣe ń gba inú ìfun kọjá, ó ń há ara ìfun díẹ̀díẹ̀, ADN erin á sì bá imí jáde. Erin agbègbè kọ̀ọ̀kan ní àmì tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi ADN eyín ti Lomé wé ti imí, ó hàn pé igbó tó wà láàárín Gabon, Congo àti Cameroon ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti wá.

Ṣẹ́ ẹ rí i, ojú ọ̀nà lásán ni Lomé. Bó bá jẹ́ èbúté nìkan là ń ṣọ́, erin á ti kú ká tó mú ẹrù. Inú igbó ni ìṣọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Àwa náà ṣì ní erin ní Pendjari, níbí ní Benin. Ta ló mọ ibi tí erin ń gbà? Ọdẹ àti àgbẹ̀ ni. Kí ìjọba má yọ wọ́n sílẹ̀ o.