Agbẹ̀bí àti Òfin Oyún Ṣíṣẹ́

Ọ̀rọ̀ tó wúwo ni ti ọ̀sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a sọ ọ́, nítorí àwọn ọmọbìnrin wa tó ń ṣe iṣẹ́ agbẹ̀bí ní Ìlú Ọba pọ̀.

Ní 1803, òfin Ìlú Ọba sọ pé ẹni tó bá ṣẹ́ oyún tí ọlẹ̀ ti sọ nínú ìyá rẹ̀, ikú ni ìyà rẹ̀. Ní 1861 wọ́n tún òmíràn ṣe: obìnrin tó ṣẹ́yún àti ẹni tó bá a ṣe é lè ṣẹ̀wọ̀n títí ọjọ́ ayé wọn. Ṣé èyí fi òpin sí i? Rárá o. Kọ̀rọ̀ ló sá lọ, ọ̀pọ̀ obìnrin sì kú sọ́wọ́ àwọn tí kò mọ̀ ọ́n ṣe.

Ní 1967 ni òfin tuntun jáde: bí dókítà méjì bá fẹnu kò pé ìdí tí òfin là sílẹ̀ wà, dókítà lè ṣẹ́ oyún náà. Òfin yìí ní kí a má fi dandan mú ẹni tí ọkàn rẹ̀ kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n bó bá di ọ̀ràn ẹ̀mí ìyá, kò sáyè pé mo kọ̀.

Ní 2014, ẹjọ́ agbẹ̀bí méjì ní Glasgow dé ilé ẹjọ́ tó ga jù. Wọ́n dá a pé agbẹ̀bí lè kọ̀ láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, ṣùgbọ́n kò lè torí rẹ̀ kọ̀ láti pín iṣẹ́ fún àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Nílé ńkọ́? Òfin tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe fún Nàìjíríà ní 1916 fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 sí orí ẹni tó bá ṣẹ́yún fún obìnrin, àti 7 fún obìnrin náà. Ó yọ iṣẹ́ abẹ tí a fi gba ẹ̀mí ìyá là sọ́tọ̀.

Ẹ̀yin agbẹ̀bí, kò sí èyí tó ní kí ẹ fi obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ sílẹ̀ kó kú. Bó bá kan ilẹ̀kùn yín lóru, ẹ má tíì bi í léèrè ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ tètè gbé e dé ọsibítù. Ẹ̀yin ìyá, bí ọmọ yín bá bẹ̀rù yín ju ikú lọ, kọ̀rọ̀ ni yóò gbà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Kí Ọlọ́hun sọ àwọn aboyún wa kalẹ̀ láyọ̀. Àmín.