Ojú ló yí padà, Dókítà ò yí padà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pariwo pé Ncuti Gatwa ba Doctor Who jẹ́ torí pé ó dúdú, ṣé ẹ mọ eré yẹn rárá?

1963 ni William Hartnell bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Nígbà tí ara ẹ̀ ò yá mọ́, Patrick Troughton gbà á ní 1966: Dókítà kan náà, ojú tuntun. Ọgbọ́n yẹn ni ò jẹ́ kí eré náà kú.

Ẹ gbà pé ẹni tó ní ọkàn méjì láyà ń fi àpótí ọlọ́pàá rìnrìn àjò láti ayé dé ayé, àmọ́ ẹ ò gbà pé ó lè dúdú? Ẹ ṣì ń sunkún Jodie Whittaker!

Tí ìtàn ò bá dáa, ẹ bú ẹni tó kọ ọ́. Àwọ̀ kọ́ ló kọ ọ́.