Ta Ló Sanwó fún Onílù?

Mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ nípa orin róòkì àwọn adádúró ní ọdún 2024, mo sì mọ ohun tí ọ̀pọ̀ yín yóò kọ́kọ́ sọ: "Kí ló kan ọmọ Yorùbá kan ariwo àwọn òyìnbó?" Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí mi. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé máa ń ti ilẹ̀kùn yàrá mọ́ mi sínú ni, bí mo bá ti gbé àwo sí ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ẹ fún mi láyè díẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kàn wá, ó tilẹ̀ kan àpò ẹgbẹ́ wa, bí ẹ ó ti rí i kí n tó dákẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹni tí mo ń pè ní adádúró. Ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù ńlá mẹ́ta, Universal, Sony àti Warner, ni wọ́n di ọjà orin ayé mú. Adádúró ni olórin tí kò sí lábẹ́ ìkankan nínú wọn: ilé-iṣẹ́ kékeré kan ló ń bá a tẹ àwo, tàbí kí ó fi owó ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Èyí kì í ṣe nǹkan tuntun fún wa. Ní ọdún 1969, Haruna Ishola alápàlà àti I. K. Dairo onijùjú pawọ́ pọ̀, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀, STAR Records, kí ẹni tó kọrin lè jẹ́ ẹni tó ni àwo. Nítorí náà, bí mo bá ń gbọ́ orin àwọn ọmọ òyìnbó tí wọ́n kọ̀ láti ta ara wọn, kò ṣe mí bí ẹni pé mo sọnù sí ilẹ̀ onílẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tó dùn mọ́ mi ní 2024 wá láti Kánádà. Patrick Flegel, tó ń jẹ́ Cindy Lee lórí ìtàgé, gbé àwo kan jáde ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta, ó pè é ní Diamond Jubilee. Orin 32 ló wà nínú rẹ̀, ó sì ju wákàtí méjì lọ. Kò gbé e sí Spotify. Ibi méjì péré ni a ti lè gbọ́ ọ nígbà náà: YouTube, àti ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì kan tí a ṣe bí ti àtijọ́, tí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ kó orin náà lọ, kó fi 30 dọ́là Kánádà ránṣẹ́ bó bá wù ú. Kò sí ìpolówó kankan. Ṣe ni ẹnìkan ń sọ fún ẹnìkejì, nígbà tí ọdún yóò sì fi parí, ọ̀pọ̀ oníròyìn orin ti kà á mọ́ àwo tó dára jù lọ lọ́dún náà.

Ẹ wo èyí dáadáa. Bí onílù bá kì ọ́ lóde, tí orí rẹ wú, kí lo máa ń ṣe? O kò ní sọ fún un pé kó lọ gba owó lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan tí yóò san án lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Wàá lẹ ẹ́ mọ́ ọn níwájú orí, lójú gbogbo ayé. Ohun tí Cindy Lee ń béèrè kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Inú ọdún 2024 kan náà ni Spotify bẹ̀rẹ̀ òfin rẹ̀ pé orin tí àwọn ènìyàn kò bá gbọ́ tó ẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ọdún kan kò ní gba kọ́bọ̀.

Ní ti orin náà fúnra rẹ̀, n kò ní parọ́, ó gùn jù. Bí mo bá ti dé orin ogún, oorun a gbé mi lọ. Ṣùgbọ́n gìtá rẹ̀ ń dún bí ẹni pé láti inú asọ̀rọ̀mágbèsì aládùúgbò ló ti ń wá, lóru, lẹ́yìn ògiri, nígbà tí iná ti lọ tí ẹnìkan ṣì ní bátìrì. Ẹni tó bá ti gbé Ìbàdàn yóò mọ ohun tí mo ń wí.

Oṣù karùn-ún ni ìbànújẹ́ dé. Ní ọjọ́ 7, Steve Albini kú lójijì ní Chicago, ní ẹni ọdún 61. Ẹ lè má mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti gbọ́ In Utero tí Nirvana gbé jáde ní 1993, ẹ ti gbọ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, nítorí òun ló gba ohùn wọn sílẹ̀. Àṣà àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí fún olórin ńlá ni pé kí wọ́n máa gba ìpín lórí gbogbo àwo tó bá tà, títí ayé. Albini kọ̀. Ó kọ lẹ́tà sí wọn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ pé bí a ti ń sanwó fún ẹni tó wá tún ẹ̀rọ omi ilé ṣe ni kí wọ́n san tòun: ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, fún iṣẹ́ tí òun ṣe, ó parí. 100,000 dọ́là ló gbà. Àwo náà tà ní ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù, kò sì béèrè ìpín kankan. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá ń gba ìpín lórí orin tí kò kọ ń jí nǹkan olórin ni. Nínú ilé ìgbohùnsílẹ̀ rẹ̀, Electrical Audio, ẹgbẹ́ olórin tálákà ń wọlé, wọ́n ń san ìwọ̀nba, wọ́n sì ń kó orin wọn jáde lọ́wọ́ ara wọn.

Ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni àwo ẹgbẹ́ tirẹ̀, Shellac, jáde, To All Trains. Àwọn ti ṣètò ọjọ́ náà kí ikú tó dé. Mo lọ rà á láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ náà. Ọkùnrin tó ń tajà, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ ní ọjọ́ mìíràn, fi í sínú báàgì, ó fún mi ní ṣéńjì, kò sọ ohunkóhun.

Nínú oṣù kan náà, ọjọ́ 3, ni Mdou Moctar gbé Funeral for Justice jáde. Aládùúgbò wa ni ọkùnrin yìí o! Ọmọ Tuareg ni, láti orílẹ̀-èdè Niger tó bá Nàìjíríà pààlà. Ọlọ́wọ́ òsì ni. Gìtá àkọ́kọ́ tó ta, òun fúnra rẹ̀ ló kàn án, wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ ló sì fi ṣe okùn rẹ̀. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, inú fóònù kan sí òmíràn ni orin rẹ̀ ń gbà káàkiri aṣálẹ̀, lórí mẹ́mọ́rì káàdì. Lónìí, Matador ti New York ló ń tẹ àwo rẹ̀, èdè Tamasheq ló sì ń fi kọrin, ó ń fi bá àwọn olórí Áfíríkà àti ilẹ̀ Faransé wí. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé kó kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì kí ó tó lè tà. (Ẹ̀yin ọ̀dọ́ olórin inú ẹgbẹ́ wa, ṣé ẹ gbọ́?) Nígbà tí àwọn ológun gbàjọba ní Niger ní oṣù keje 2023, Amẹ́ríkà ni òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ wà, ọ̀nà ilé dí mọ́ wọn. Àwọn tó fẹ́ràn orin wọn ni wọ́n dáwó jọ fún wọn.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí n mú ẹyọ kan ṣoṣo nínú ọdún náà, Kim Deal ni n ó mú. Obìnrin yìí ti wà nínú Pixies, ó sì dá Breeders sílẹ̀, síbẹ̀ ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá 2024 ni àwo àkọ́kọ́ tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan jáde, Nobody Loves You More, ní ẹni ọdún 63. Albini tó ti lọ ló gba ohùn díẹ̀ nínú rẹ̀ sílẹ̀. Orin kan wà níbẹ̀ tó dá lórí ìyá rẹ̀. Kim ti padà sílé ní Dayton, ní Ohio, láti tọ́jú àwọn òbí rẹ̀, àrùn ìgbàgbé sì ti mú ìyá náà. Ní ọjọ́ kan wọ́n pàdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìyá wò ó lójú, ó bi í léèrè bóyá tòun ni. Ìbéèrè yẹn ló di orin. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo sì gba ibi tó yẹ kí n ti sọ̀kalẹ̀ kọjá. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni ìyá mi ń pè mí láti ilé. Láìpẹ́ yìí, ẹ̀ẹ̀mejì ló ti fi orúkọ àbúrò rẹ̀ pè mí.

Ó dára. Ibo la ti ń gbọ́ irú àwọn olórin wọ̀nyí? Nínú àwọn ilé eré kéékèèké ni, òkè ilé ọtí, yàrá abẹ́ ilẹ̀, níbi tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọrin tán ti máa ń dúró nídìí tábìlì láti ta àwo tirẹ̀ fún ọ, òógùn ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n ń kú lọ. Gẹ́gẹ́ bí àjọ Music Venue Trust ti kà á, ní 2023 nìkan, 125 irú ilé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tì tàbí tí wọ́n jáwọ́ nínú eré ní Bìrìtéènì. Moles ní ìlú Bath, tó ti lo ọdún 45, wà lára wọn. Coldplay kì í ṣe adádúró, n kò sì fẹ́ràn orin wọn, ṣùgbọ́n mo yìn wọ́n fún èyí: ní 2024 wọ́n ṣèlérí pé ìdá kan nínú mẹ́wàá owó tí àwọn bá pa ní eré Wembley àti Hull ní 2025, àwọn yóò fi ran àjọ náà lọ́wọ́.

Mo wá dé ilé wàyí. Ẹ rántí àríyá ìparí ọdún wa. A sanwó gbọ̀ngàn. A sanwó ìrẹsì àti ẹran, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, oúnjẹ náà dùn. Ọmọ ẹgbẹ́ wa mẹ́rin tí wọ́n ń lùlù tí wọ́n sì ń ta gìtá béèrè 80 páùn, fún ọkọ̀ àti fún ẹ̀rọ agbóhùnsókè tí wọ́n fẹ́ yá. Ìdáhùn tí wọ́n gbà ni pé, "Ọmọ ẹgbẹ́ ni yín, ẹ wá ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́." Wọ́n bínú, wọn kò wá. Fóònù ẹnìkan la fi gbọ́ orin dalẹ́. Bí Sunny Adé ti ń gbóná lọ́wọ́, tí àwọn àgbà ti dìde láti jó, ni ìpolówó ọṣẹ ìfọṣọ bẹ́ sí i. Gbogbo wa dúró bí igi lórí pápá ijó. Ẹni tó fẹ́ náwó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí iwájú orí tí yóò lẹ owó mọ́, ó dá a padà sápò.

Nítorí náà, ní ìpàdé gbogbogbòò tó ń bọ̀, n ó dábàá pé kí ìdá kan nínú mẹ́wàá owó tí a bá dá fún àríyá kọ̀ọ̀kan jẹ́ ti àwọn olórin, kí a sì san án kí wọ́n tó gbé ìlù kalẹ̀. Akápò wa, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú sí mi. Mo mọ̀ pé owó kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó se oúnjẹ kò gba "ọmọ ẹgbẹ́ ni yín" gẹ́gẹ́ bí owó, àwa náà kò sì dán an wò.

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́kọ́ fojú ara rẹ̀ rí ohun tí mo ń sọ, èmi àti àwọn méjì kan ń lọ sí òkè ilé ọtí kan ní ọjọ́ Jímọ̀ tó kẹ́yìn oṣù yìí, láti gbọ́ àwọn ọmọ ìlú yìí mẹ́ta kan tí n kò tíì gbọ́ orin wọn rí. Aago méje ni a ó pàdé níwájú ilé ìkàwé. Páùn mẹ́jọ ni ìwọlé. Ẹ mú owó díẹ̀ dání fún tábìlì ẹnu ọ̀nà, kí ẹ sì wọ ẹ̀wù tó nípọn, nítorí a kì í tètè rí bọ́ọ̀sì padà.