Ẹsẹ̀ A Máa Rẹ̀, Ọgbọ́n Kì Í Rẹ̀

Bí ọmọbìnrin yín bá fẹ́ràn bọ́ọ̀lù gbígbá, tí àwọn ará ilé sì ń bi yín pé kí ni yóò máa jẹ nígbà tí agbára bá tán, èsì wo ni ẹ ó fọ̀?

Ẹ jẹ́ kí a wo ti Florence Omagbemi. Ọmọ ọdún 16 péré ni nígbà tí ó bá Super Falcons, ikọ̀ obìnrin Nàìjíríà, lọ sí ìdíje ife àgbáyé àkọ́kọ́ ti àwọn obìnrin ní ilẹ̀ Ṣáínà ní 1991. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ikọ̀ wa gbá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n pàdánù, wọn kò sì rí góòlù kan jẹ. Florence kò torí èyí kó bàtà rẹ̀ sílé. Ó tún lọ ní 1995, ní 1999 àti ní 2003, ó sì di balógun ikọ̀ náà. Ní 1999, nígbà tí ó ku ikọ̀ mẹ́jọ, góòlù mẹ́ta ni Bràsíl kọ́kọ́ jẹ. Àwọn ọmọ wa dá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà, àfi ìgbà tí a fi àkókò kún un ni Bràsíl tó borí.

Alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ. Nígbà tí ìgbà sísáré kọjá, Florence fi ohun tí ojú rẹ̀ ti rí ṣe iṣẹ́: ó di akọ́ni-mọ̀ọ́gbá. Ní 2016, a fi Super Falcons lé e lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún náà, ní ìlú Yaoundé, wọ́n fi góòlù kan ṣoṣo borí Kamẹrúùnù nílé wọn, wọ́n sì gba ife Áfíríkà. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó gba ife náà gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù, tí ó tún gbà á gẹ́gẹ́ bí akọ́ni. Ní 2017, àjọ FIFA kà á mọ́ àwọn akọ́ni 10 tí ó ta yọ jù nínú bọ́ọ̀lù àwọn obìnrin.

Ṣùgbọ́n oyin kò ṣàìní ìtani. Wọ́n gba ife tán, owó wọn kò dé. Àwọn ọmọbìnrin náà ṣe bí àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà àtijọ́, àwọn òṣómàáló, tí wọ́n ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí yóò fi san: wọ́n rìn lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Àbújá láti bèèrè ẹ̀tọ́ wọn. Ní 2018, a gbé ikọ̀ náà fún ọkùnrin ará Súwídìn kan. Ní ife àgbáyé 2023, nínú akọ́ni 32, obìnrin 12 péré ni ó wà níbẹ̀. Ẹnu ọ̀nà náà kò tíì fẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá ní Òṣogbo, ní Iléṣà àti níbi gbogbo, bí ọmọ yín bá ní ẹ̀bùn yìí, ẹ má pa á. Ẹ jẹ́ kí òun àti arákùnrin rẹ̀ jọ pín iṣẹ́ ilé, kí ó lè ráyè lọ sí pápá. Ẹ fún un ní ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja, nítorí ara tí ń sáré ń fẹ́ oúnjẹ gidi. Ẹ má jẹ́ kí ó fi ilé ìwé sílẹ̀. Ìwé ẹ̀rí ni yóò bá a ṣílẹ̀kùn iṣẹ́ akọ́ni lọ́la. Ẹ sì kọ́ ọ pé kí ó máa ka ìwé àdéhùn kí ó tó tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Ẹ wá ní èsì fún àwọn ará ilé wàyí: ọgbọ́n tí ó bá kó jọ lórí pápá ni yóò máa jẹ nígbà tí ẹsẹ̀ bá rẹ̀. Ó di oṣù tí ń bọ̀.