Ẹjọ́ Ariwo ní Ushafa: Ta ni Ọ̀nà Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn Ṣí Sílẹ̀ Fún?

Kò sí ìlú tí aládùúgbò kì í bá aládùúgbò jà, kò sì sí ìlú tí àwọn àgbà kì í parí ìjà. Ohun tí ó ń di wàhálà ni kí wọ́n parí ìjà tán, kí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ sì rí i pé ìyà òun kò dínkù rárá. Níbo ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò gbà?

Ushafa, tí ó wà lábẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ Bwari ní agbègbè Olú-Ìlú Àpapọ̀, jẹ́ ìlú àwọn Gbagyi, àwọn tí ọ̀pọ̀ Yorùbá mọ̀ sí Gwárì. Ìkòkò tí àwọn obìnrin ibẹ̀ ń mọ ni wọ́n fi mọ ìlú náà kí Ààrẹ Bill Clinton ti Amẹ́ríkà tó bẹ̀ ẹ́ wò ní oṣù Kẹjọ ọdún 2000. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1991 tí ìjọba àpapọ̀ ti kó kúrò ní Èkó lọ sí Àbújá, àwọn tí apá wọn kò ká owó ilé ìgboro ti ń wá ibùgbé sí irú àwọn ìlú bẹ́ẹ̀. Onílẹ̀ àti àlejò wá ń fi ògiri pààlà, àṣà oorun wọn kò sì dọ́gba.

Bí ó bá ṣe pé ilé ọtí kan ń fi ẹ̀rọ agbóhùnsókè da àdúgbò láàmú di aago méjì òru, tí àwọn ọ̀dọ́ sì ń mu igbó níwájú rẹ̀, ààfin olórí ìlú ni ẹni tí kò rí oorun sùn yóò kọ́kọ́ lọ. Bí olótí bá dín ariwo kù fún ọ̀sẹ̀ kan péré, téṣàn ọlọ́pàá ni ó kàn, tàbí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Bí wọ́n bá sọ fún un níbẹ̀ pé àwọn ti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, kí ó lọ fi sùúrù bá wọn gbé, yóò gbà pé òpin rẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe òpin. Àmọ́ ẹni tí kò bá mọ irú ìpinnu tí wọ́n ṣe lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ilẹ̀kùn tí kì í ṣe tirẹ̀ ni yóò máa kàn.

Ìlàjà ni ti ààfin. Kò sí pé ènìyàn ń pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lórí ìlàjà. Ẹni tí kò tẹ́ lọ́rùn lè gba kóòtù lọ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.

Ti ọlọ́pàá le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá gbé olótí lọ síwájú Májísíréètì lórí ẹ̀sùn dídí àwọn ará ìlú lọ́wọ́, ìjọba ni ó ni ẹjọ́ náà. Ẹni tí kò sùn láti oṣù mẹ́fà, ẹlẹ́rìí lásán ni. Bí wọ́n bá dá olótí lẹ́bi, olótí lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sí Ilé-Ẹjọ́ Gíga. Bí wọ́n bá dá a sílẹ̀, tí ìjọba sì dákẹ́, ẹlẹ́rìí kò ní ẹjọ́ tí yóò gbé lọ síbì kankan. Ibi tí bàtà ti ń ta ará àdúgbò lẹ́sẹ̀ gan-an nìyí. Ó lè fi orúkọ ara rẹ̀ pe olótí lẹ́jọ́, nígbà náà ni ẹ̀tọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn yóò di tirẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò san owó lọ́yà?

Àwọn mìíràn rò pé Ilé-Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti Ìbílẹ̀ tí ó wà ní Àbújá ni yóò gbà wọ́n. Òfin-ìpìlẹ̀ ọdún 1999 kò fún ilé-ẹjọ́ náà lágbára ju ẹjọ́ aráàlú tí ó kan òfin àṣà lọ. Ariwo ẹ̀rọ kì í ṣe òfin àṣà ẹnikẹ́ni.

Ọ̀nà tí àwọn ènìyàn kò fi bẹ́ẹ̀ kà sí ni ti ìjọba ìbílẹ̀. Òfin-ìpìlẹ̀ kan náà ni ó fi àṣẹ lórí ọtí títà sí ìkáwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìlànà tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní ọdún 2009 lórí ariwo sọ pé ní ibi tí ènìyàn ń gbé, ariwo kò gbọdọ̀ ju decibel 50 lọ ní ọ̀sán, tàbí 35 lóru. Òṣìṣẹ́ tí ó bá sọ pé ariwo náà kò pọ̀, ó yẹ kí ó lè sọ iye tí ẹ̀rọ kà fún un. Bí kò bá wọn ọ́n, kí ni ó yẹ̀ wò?

Ẹni tí ìpinnu irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò bá tẹ́ lọ́rùn lè bẹ Ilé-Ẹjọ́ Gíga pé kí ó yẹ ìpinnu náà wò, láàárín oṣù mẹ́ta. Àjọ tí ń gbọ́ ẹ̀sùn ará ìlú, tí ìjọba ológun dá sílẹ̀ ní ọdún 1975, wà pẹ̀lú. Kì í gba kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n kì í tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ tí ó ti wà ní kóòtù, tàbí èyí tí ó ti lé ní oṣù méjìlá, tàbí èyí tí olùfisùn kò tíì gbé lọ sí àwọn ibi yòókù.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ikú ni ó ṣí wọn lójú. Ní ọdún 2007, ní agbègbè Leicestershire, Fiona Pilkington gba ẹ̀mí ara rẹ̀ àti ti ọmọbìnrin rẹ̀, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ti ń fìyà jẹ wọ́n tí ó sì ń ké sí ọlọ́pàá. Òfin ọdún 2014 wá fún ará ìlú ní ẹ̀tọ́ pé bí ó bá ti fi ẹ̀sùn kan ìwà ìdàlúrú tó iye tí wọ́n là sílẹ̀, èyí tí kò gbọdọ̀ ju ìgbà mẹ́ta láàárín oṣù mẹ́fà lọ, kí ọlọ́pàá àti ìjọba ìbílẹ̀ jókòó pọ̀ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Yorùbá tí ń gbé ní Peckham ní ẹ̀tọ́ yìí bí ọmọ onílẹ̀ ṣe ní in. Òfin náà tún pa á láṣẹ pé kí agbègbè kọ̀ọ̀kan kọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí olùfisùn kò bá tẹ́ lọ́rùn sílẹ̀. Àbùkù rẹ̀ ni pé ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe àyẹ̀wò ni òfin mẹ́nu bà, kò ṣèlérí pé ẹlòmíràn yóò yí ìpinnu padà.

Ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn náà nílò ọ̀nà àbáyọ. Láàárín ọdún 2011 sí 2013, àwọn òṣìṣẹ́ àjọ tí ń rí sí àyíká Àbújá àti àwọn agbófinró kó àwọn obìnrin kan ní òru, wọ́n sì pè wọ́n ní aṣẹ́wó. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá ọdún 2017, Kóòtù ECOWAS dá Nàìjíríà lẹ́bi, ó sì ní kí wọ́n san mílíọ̀nù mẹ́fà náírà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta. Àbújá ni kóòtù náà fi ṣe ibùjókòó, síbẹ̀ kì í ṣe ti Nàìjíríà. Ó ṣeni láàánú pé ibẹ̀ ni wọ́n ní láti dé.

Kò yẹ kí ó ṣòro fún àwọn káńsẹ́lọ̀ Bwari láti ṣòfin pé gbogbo ẹ̀sùn ìwà ìdàlúrú gbọ́dọ̀ gba èsì tí wọ́n kọ sínú ìwé, pẹ̀lú ọjọ́ àti ìdí, àti pé àwọn tí kò sí níbi ìpinnu àkọ́kọ́ ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kejì. Títí di ìgbà náà, kí olùfisùn fi ìwé pe ẹjọ́ rẹ̀, kí ó sì béèrè èsì nínú ìwé. Oṣù mẹ́ta ti Ilé-Ẹjọ́ Gíga, ọjọ́ tí wọ́n ṣe ìpinnu ni wọ́n ti ń kà á, ẹni tí wọ́n sì fi ẹnu lásán dá lóhùn kò ní ọjọ́ kankan tí yóò fi han adájọ́.